Nígbà Tí Ẹ̀rọ Atẹ́gùn Ń Fì Lókè

Máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe. Bí ọwọ́ bá ń ro ọ́, sọ, kí n dákẹ́ díẹ̀.

Lánàá tí àwọn ọmọkùnrin yẹn wá kan ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ògiri yàrá bàbá rẹ, o rí i pé mo dìde lójijì, mo sì lọ dúró síta. O bi mí pé, "Màmá, kí ló ṣe yín?" Mo ní ooru ló mú mi. Kì í ṣe ooru. Ọ̀kan nínú wọn ló wà lórí àkàbà, ó gbé ẹ̀rọ lé èjìká, ó ń wá ihò tí yóò ki bóòtù bọ̀. Ìyá rẹ yọjú ní fèrèsé, ó bi í pé ṣé yóò mu omi tútù. Ọkùnrin náà yíjú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Bó ṣe yíjú báyìí ni ẹ̀rọ náà yẹ̀ lórí èjìká rẹ̀. Kò já bọ́. Gbogbo yín ti gbàgbé. Èmi ni mo dúró síta títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn rígà ìgbà tiwa kì í yíjú. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o kọ.

Iṣẹ́ rígà ni bàbá rẹ àgbà ṣe. Rígà ni wọ́n ń pe àwọn tó ń fi ṣéènì àti okùn gbé ẹ̀rọ tó wúwo sókè, tí wọ́n á gbé e ka orí ìjókòó rẹ̀, tí wọ́n á fi bóòtù dè é kí ó má baà rìn. Ẹ̀rọ máa ń rìn o. Bí wọn ò bá dè é dáadáa, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni yóò máa gbọ̀n, tí yóò máa sún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé etí ibi tó wà. Ilé iṣẹ́ òwú kan ní Ìkẹjà, ní ìhà tó kọjú sí Àgídìngbì, la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Òun wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, èmi wà ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ran òwú. Ibẹ̀ ló ti rí mi. Èérún òwú ti sọ gbogbo irun mi di funfun lọ́jọ́ náà, ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ìyá arúgbó kan ni, òun fẹ́ bá a gbé ẹrù.

Gbọ̀ngàn yẹn, èèyàn ò lè wà níbẹ̀ láìsí atẹ́gùn. Òwú kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, òwú á já, wàá so ó, á tún já, wàá tún so ó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní ẹ̀rọ atẹ́gùn níta, àpótí irin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yàrá tí à ń gbé ní Agége. Ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ó ń fi omi wẹ̀ ẹ́, ó ń sọ ọ́ di tútù, á wá fẹ́ ẹ wọlé sí wa láti inú ihò páànù gígùn tó wà lókè orí wa. Èmi tí mo wá láti oko, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ilé iṣẹ́ gbogbo nìyẹn. N ò mọ̀ pé ọjọ́ tí àpótí yẹn bá dákẹ́ ni oúnjẹ wa náà máa dákẹ́.

Ó sì dákẹ́. Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba ni. Wọ́n mú ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù wá, náírà di bébà lásán, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wá kò ṣeé rà mọ́. Àwọn ọkọ wa tún un ṣe, wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n dè é ní wáyà, ó sì jó níkẹyìn. A ṣì ń wọlé ṣiṣẹ́ nínú ooru náà. Òwú ń já, àwọn obìnrin ń dákú. Nígbà tó yá, wọ́n kó gbogbo wa jọ sí abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nínú ọgbà, wọ́n ní kí á máa lọ sílé ná, wọ́n á pè wá bí ẹ̀rọ mìíràn bá dé. Wọ́n gba káàdì wa lọ́wọ́ wa. Káàdì yẹn la fi ń wọ géètì, òun náà la fi ń gba oògùn ní yàrá ìwòsàn ilé iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ mi, ó dà bí ẹni pé wọ́n bọ́ aṣọ lára mi.

Ọkọ mi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Owó tó ń mú wálé kò tó oúnjẹ. Mo ń lọ bá àwọn ẹlòmíràn fọṣọ ní GRA. Wọ́n máa ń ní kí n gba ẹ̀yìn wọlé. Mo ń fọ aṣọ funfun àwọn tí àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ pé nǹkan wọ́n. Bí mo bá dé ilé, gààrí la ó mu, a ó sì sùn.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, a gbọ́ pé ẹ̀rọ ti dé. Tòkunbọ̀ ni, wọ́n kó o sínú àpótí pákó, wọ́n gbé e wá láti Àpápá. Ọkùnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u títí di ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e sókè. Kì í ṣe ìkà. Nígbà yẹn, bí o bá sọ ọ̀pá irin sílẹ̀ tí o fi ojú sí ibòmíràn, kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n á tú mọ́tò inú ẹ̀rọ tà ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí i. Nítorí náà ló ṣe ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, tó sì gbé àga kalẹ̀ síwájú ìlẹ̀kùn. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìjókòó ẹ̀rọ wá fi okùn wọn ara àpótí pákó náà. Ìwọ̀n pákó ni wọ́n gbà lọ, wọn ò rí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀. Rántí ibẹ̀ yẹn.

Òrùlé gbọ̀ngàn kò lè gbé ẹ̀rọ, nítorí páànù ni. Wọ́n wá ri òpó irin mẹ́rin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri níta, wọ́n da kọnkéré sí ìdí wọn, wọ́n to irin gbọọrọ sókè wọn. Àárín àwọn irin náà ṣófo. Bí o bá dúró nísàlẹ̀, wàá rí ọ̀run. Orí rẹ̀ ni ẹ̀rọ máa jókòó sí, òkè ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kọjá.

Ní alẹ́, bí ọkọ mi bá ń jẹun, ó máa ń fi ìkòkò mi ṣàlàyé fún mi. Ó ní, "Wo ààrò yìí. Bí òkúta kan bá kúrú, ìkòkò á máa mì. Bí ìkòkò bá kéré ju àlàfo ààrò lọ, á jìn sínú iná. Ẹ̀rọ náà nìyẹn. Kí ó jókòó déédéé, kí rọ́bà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà gbọn ilé, kí ẹnu tó fi ń fa afẹ́fẹ́ má kọjú sí ibi èéfín." Lẹ́yìn náà ló wá sọ òfin wọn. Bí ẹrù bá ti kúrò nílẹ̀, ẹnu kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀gá wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba abẹ́ ẹrù kọjá. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pe rígà tó wà lókè, nítorí bí wọ́n bá pè é, yóò yíjú, bí ó bá sì yíjú, ọwọ́ rẹ̀ á yí tẹ̀lé e.

Mo ní, "Bí ilé bá ń jó ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ pa iná náà. Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹrù mi sílẹ̀ ná."

A rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e sókè, ọmọ mi obìnrin tó kéré jù jí pẹ̀lú ara gbígbóná díẹ̀. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, eruku ń fẹ́ káàkiri, ọmọ púpọ̀ ló ń ṣàìsàn ní àdúgbò wa. Bàbá rẹ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní kí n fún un lógì, kí n fi omi nù ún lára. Ó lọ síbi iṣẹ́. Bí oòrùn ṣe ń gòkè ni ara ọmọ ń gbóná sí i. Ó bi ògì náà. Ó ní orí ń fọ́ òun, ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Nígbà tí mo fẹ́ gbé orí rẹ̀ sókè fún omi, ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀. Ó le bí igi. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló bá ọrùn náà dìde. Obìnrin tó wà ní yàrá kejì wò ó, ó ká ọwọ́ lé orí, ó ní, "Ìyá ọmọ, yírùnyírùn nìyí. Má jókòó!"

Mo pọ̀n ọ́n, mo sáré lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n ti géètì. Àwọn dókítà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó jókòó síbẹ̀ wò mí láti inú irin géètì, àánú mi ń ṣe é, ó ní, "Ìyá, ẹ má dúró síbí, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀." Ilé ìwòsàn aládàáni, n ò lówó tí mo lè fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ibì kan ṣoṣo ló kù fún mi lórí ilẹ̀: yàrá ìwòsàn ilé iṣẹ́ ọkọ mi.

N ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan bàtà mi bọ́ lójú irin, n ò padà gbé e. Ọmọ ń gbóná mọ́ mi lẹ́yìn bí ẹni pé mo pọn ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ó kọ́kọ́ ń sunkún. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Géètì ilé iṣẹ́ kún. Gbogbo àwọn obìnrin tí wọ́n dá dúró pẹ̀lú mi ló ti gbọ́, wọ́n wá wo ẹ̀rọ. Wọ́n wọ aṣọ tó dára bí ẹni lọ ìsọmọlórúkọ. Màígádì ti jẹ́ kí wọ́n wọlé dé ẹ̀yìn okùn. Mo ń gbọ́ wọn bí mo ṣe ń sáré bọ̀.

"Ẹ wo bó ṣe sanra! Nínú ọ̀wọ́n yìí náà, níbo ló ti rí oúnjẹ jẹ?"

"Òyìnbó ló bọ́ ọ dàgbà. Ẹ jẹ́ kó mu gààrí tiwa fún oṣù kan, á gbẹ."

"Bó bá jókòó tán, mo máa lọ dì mọ́ ọn."

"Lọ dì mọ́ ọkọ rẹ."

"Kí ló kù lára ọkọ mi tí mo fẹ́ dì mọ́?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò gbójú kúrò lókè. Ẹ̀rọ náà ti kúrò nílẹ̀. Ó wà lókè pátápátá, ó so rọ̀ mọ́ ṣéènì, ó ń fì díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan di okùn mú nísàlẹ̀ kí ó má baà yí. Okùn tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ yí ìsàlẹ̀ ká. Mo gba ẹ̀yìn gbogbo wọn kọjá, mo lọ sí ojú fèrèsé yàrá ìwòsàn tó wà lódìkejì ọgbà. Akọ̀wé ló wà níbẹ̀, ọmọkùnrin kan tó wọ táì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ń kú lọ."

"Káàdì dà, mà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ọkọ mi."

"Ọkọ yín dà?"

Mo nawọ́ sókè. Ó yọ orí láti fèrèsé, ó wo òkè. Ọkọ mi ló wà níbẹ̀, ó gun irin bí ẹni gun kẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ.

Akọ̀wé náà ní, "Ẹ lọ gbà á wá. Wọ́n ti fi òfin dè mí, mà. Àwọn tí wọ́n ti dá dúró ló ń kó ọmọ wá lójoojúmọ́. Bí mo bá jẹ́ kí ẹ wọlé láìsí káàdì, èmi náà ni yóò kàn." Kò pariwo mọ́ mi. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá bá a jà.

Mo padà sí ẹ̀yìn okùn. Nígbà tí mo débẹ̀, ariwo ti dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Mo gbójú sókè, mo sì rí ohun tí gbogbo wọn rí. Wọ́n ti ń sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sórí ìjókòó rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan irin. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́ bọ́ sórí irin, èkejì wà lójú òfìfo. Ìkòkò kéré ju ààrò lọ. Pákó tí wọ́n wọ̀n ló fẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tú ṣéènì sílẹ̀ díẹ̀ sí i, á jìn sílẹ̀, á sì gbé ọkọ mi dání.

Ọ̀gá wọn dúró lórí àgbá irin kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Bàbá àgbàlagbà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní, "Dúró! Kí gbogbo ọwọ́ dúró." Ó ní kí wọ́n lọ gbé irin ojú rélùwéè tó wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀ wá, kí wọ́n fi okùn fà á gòkè, kí wọ́n tẹ́ ẹ gba abẹ́ ẹsẹ̀ tó wà lójú òfìfo. Ẹnì kan nínú àwọn tó di okùn mú ní ṣé kí wọ́n má kúkú sọ ẹ̀rọ kalẹ̀. Bàbá náà bú u. Ó ní, "Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀? Ṣéènì yìí ti gbó. Bó ṣe gòkè yẹn, ọpẹ́ ni. Mi ò ní ní kó tún padà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ gbé irin. Ẹ̀rọ dúró lókè. Ọkọ mi dúró lókè. Ọ̀nà àkàbà tó gòkè lọ bá a, abẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an ló wà.

Ìwọ wo ibi tí mo dúró sí. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ̀rọ náà jókòó, kí wọ́n lè padà síbi iṣẹ́, kí ọmọ wọn lè jẹun. Èmi náà fẹ́ padà síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní wákàtí yẹn, bí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ náà di eruku kí ọkọ mi lè sọ̀kalẹ̀ bá mi, ǹ bá ní kó di eruku. Mo la ẹnu. Ọ̀rẹ́ mi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí a jọ máa ń dúró ti ẹ̀rọ kan náà. Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Má pè é! O fẹ́ pa á ni?"

"Ọmọ ń kú lọ lẹ́yìn mi."

Ó yọjú wo ẹ̀yìn mi. Ó mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu mi, ó fi bo tirẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ síwájú okùn pupa náà, mo kọjú sí ọ̀gá wọn. N ò sọ̀rọ̀. Mo yí ẹ̀yìn sí i kí ó lè rí ọmọ náà, bí ọrùn rẹ̀ ṣe le, tí orí rẹ̀ fà sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ ń yí. Mo nawọ́ sí fèrèsé yàrá ìwòsàn. Mo lu àyà mi níbi tí àpò ọkùnrin máa ń wà. Bàbá náà wò mí. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi pé kí n dúró. Ó tún wo ọmọ náà. 

Ó pariwo, ó ní, "Ìwọ tó gun irin! Má wo ilẹ̀."

Ọkọ mi kò wo ilẹ̀.

"Fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ síbi tó wà. Ọwọ́ òsì. Àpò àyà rẹ. Káàdì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, ọ̀gá."

"Jù ú sílẹ̀. Má bi mí ní nǹkan kan."

Ìwọ náà rò ó. Wọ́n ní kí èèyàn ju káàdì rẹ̀ nù ní ìgbà tí káàdì ju ọmọ ìyá ẹni lọ. Kò bi í. Ó ti ọwọ́ òsì bọ àpò, ó jù ú. Mo wò ó bó ṣe ń bọ̀. Atẹ́gùn gbé e, ó yí i bí ewé. Mo ń na ọwọ́ sí i bí ẹni pé mo lè fà á mọ́ra. Ó bọ́ sínú okùn, ó sùn gbalaja sí abẹ́ ẹ̀rọ náà gẹ́lẹ́.

Mo dìde, mo ki orí bọ abẹ́ okùn. Àwọn obìnrin dì mí ní ìró, wọ́n dì mí ní apá. Mo gé ẹnì kan jẹ. Ọ̀gá wọn ń pariwo, "Ẹ dì í mú! Ẹ dì í mú!" Gbogbo ariwo yẹn, ohùn mi wà nínú rẹ̀, ohùn tó ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ọkọ mi gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ, nítorí mo rí i tí èjìká rẹ̀ le. Kò yíjú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì padà sára ẹ̀rọ.

Ọ̀rẹ́ mi Ìjẹ̀bú ló ní làákàyè tó kù láàárín wa. Ó sáré wọ gbọ̀ngàn òwú, ó gbé ìgbálẹ̀ olópòó gígùn tí a fi máa ń gbá èérún òwú kúrò lára òrùlé. Ìgbálẹ̀ náà ṣì wà níbi tí a fi í sí lọ́jọ́ tí wọ́n lé wa. Ó dojú bolẹ̀ lẹ́yìn okùn, ó na òpó náà wọlé, ó ń wọ́ ilẹ̀. Kò kàn án. Ó tún sún síwájú títí okùn pupa fi wà lórí ọrùn rẹ̀. Ìpẹ́ irin ń já bọ́ láti ara ẹ̀rọ sórí òpó náà, tíntín, tíntín. Ọ̀gá wọn kàn ń wo ṣéènì. Ìgbálẹ̀ wá kan káàdì, ó fà á, káàdì sọnù lábẹ́ eruku, ó tún fà á. Ó fi lé mi lọ́wọ́. "Sáré!"

Mo sáré. Akọ̀wé ṣílẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tó wà nínú yàrá jáde, ó rí ọrùn ọmọ, ó já ọmọ gbà lẹ́yìn mi kí n tó tú ọ̀já tán. Mo na káàdì sí i. Kò wò ó. Mo gbé e lé orí tábìlì, ó gbé ike oògùn lé e lórí. Títí a fi kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wo káàdì náà.

Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ó jókòó tì í. Ó ń sọ fún mi pé kí n máa pe ọmọ náà. Mo ń pè é. Ẹni tí mo lè pè nìyẹn. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ọgbà, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe fa irin gòkè, mo gbọ́ òòlù, mo gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe hó nígbà tí ẹ̀rọ jókòó. Wọ́n hó, wọ́n jó. Èmi di ẹsẹ̀ ọmọ mi mú.

Kí wọ́n tó kírun Alásárì, ọmọ la ojú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo èèyàn láti ọ̀nà jíjìn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ń di bóòtù ìkẹyìn. Ọ̀gá wọn kò sọ nǹkan kan fún ọkọ mi títí wọ́n fi ki rọ́bà bọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n fi gbé ìwọ̀n olómi lé e lórí pé ó jókòó déédéé, tí wọ́n tú ṣéènì. Lẹ́yìn náà ló ní kí ó sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn lábẹ́ fèrèsé.

"Ẹ mọ̀, ọ̀gá. Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi."

"Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé wàá jókòó síbẹ̀?"

"Rárá."

"Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Ta ló máa dì í mú?"

 Ọkọ mi wọlé bá wa pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́, kò lè fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú bí ẹni tó ṣì di nǹkan mú.

Wọ́n pè wá padà sí gbọ̀ngàn. Mo gba káàdì mìíràn. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn lójoojúmọ́, a sì jẹun láti ara rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, kí wọ́n tó wá ti ilé iṣẹ́ náà pa. Mo bu oúnjẹ lọ fún ọ̀gá wọn ní ọdún Iléyá. Ọkọ mi kò bá bàbá náà jẹun mọ́ títí bàbá náà fi kú. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ń kí i, ó ń dá a lóhùn, kò bá a jẹun. N ò dá ẹnì kankan nínú wọn lẹ́bi. Ọmọ náà ni àbúrò bàbá rẹ, àǹtí rẹ tó máa ń yí orí sọ́tùn-ún bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, tí ẹ máa ń sín jẹ. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ má sín in jẹ mọ́.

Lọ́jọ́ tí a gbé e padà délé, ọkọ mi jókòó síwájú ààrò. Kò jẹun. Ó ní, "Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, pè mí."

Mo ní, "Bí ẹrù bá wà lókè ńkọ́, Bàbá wa?"

"Pè mí."

"Òfin yín ńkọ́?"

"Mo ní kí o pè mí."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n títí tó fi fi iṣẹ́ rígà sílẹ̀, bí mo bá ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ jẹ́ fún un ní ìdí iṣẹ́, mo máa ń dúró lójú títì, lẹ́yìn géètì, níbi tí ohùn mi kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo máa ń dúró títí wọ́n á fi gbé ẹrù sílẹ̀. Nítorí tẹ́lẹ̀, bí mo bá pè é, kì í yíjú. Láti ọjọ́ yẹn lọ, mo mọ̀ pé yóò yíjú.